Ilé Amúnáwá Kì Í Ṣe Iná: Ẹ̀kọ́ Lórí Gáàsì Tí Ó Ń Di Iná Mànàmáná

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé kìíní parí, tí ẹ lè kọ orúkọ yín, tí ẹ lè ka nọ́ńbà ara mọ́tò, ẹ ti kúrò ní ẹni tí à ń ka ìwé fún. Láti ìsinsìnyí lọ, a ó máa kàwé kí á lè mọ nǹkan. Ẹ̀kọ́ wa òní dá lórí iná mànàmáná, èyí tí gbogbo wa ṣì ń pè ní iná NẸ́PÀ.

Ẹ máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé: "Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé amúnáwá tuntun sí etí omi. Gáàsì ni yóò máa lò." Bí ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, inú ará Èkó á dùn, inú ará Ìwó á dùn, inú àwa ará Kúta náà á dùn. Ẹlòmíràn á ti lọ dúnàádúrà fíríìjì. Ṣùgbọ́n ọdún á lọ, ọdún á bọ̀, fìtílà náà ni a ó tún máa wá kiri. Kí ló dé?

Àwọn kan á ní irọ́ ni wọ́n pa. Nígbà mìíràn, kì í ṣe irọ́. Wọ́n kọ́ ilé náà lóòótọ́, ẹ̀rọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ iná kò dé. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé amúnáwá kì í ṣe iná. Ọ̀nà jìn láàrin ilé náà àti gílóòbù tí ó wà ní pálọ̀ yín. Àwọn àgbà ní, àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ẹ jẹ́ kí á mọ ọ̀nà náà, kí á lè mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi ẹni tí ó bá wá ṣèlérí iná fún wa.

1. KÍ NI Ó Ń DI INÁ?

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gun kẹ̀kẹ́ rí, ẹ ó rántí dáínámò. Nǹkan kékeré kan ni, bí ìgò kékeré, tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí táyà bá ń yí, orí dáínámò á máa yí pẹ̀lú rẹ̀, iná iwájú kẹ̀kẹ́ á sì tàn. Bí ẹ bá sáré, iná á mọ́lẹ̀ sí i. Bí ẹ bá dúró, òkùnkùn dé. Kò sí epo nínú rẹ̀, kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Irin òòfà àti wáyà ló wà níbẹ̀. Bí òòfà bá ń yí nítòsí wáyà, iná á máa sáré nínú wáyà náà.

Bí ilé amúnáwá ṣe rí nìyẹn. Dáínámò ńlá ni ó wà níbẹ̀, èyí tí ó tóbi ju mọ́tò akẹ́rù lọ. Iṣẹ́ tí ó kù ni pé kí á rí ohun tí yóò máa yí i tọ̀sán tòru. Ní Kaínjì, lórí odò Ọya, omi ni ó ń yí i láti ọdún 1968. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, afẹ́fẹ́ ni. Ní ibi púpọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà lónìí, gáàsì ni.

Báwo ni gáàsì ṣe ń yí irin? Ẹ̀yin ìyá, ẹ ti rí ìkòkò omi tí ń hó, tí ọmọrí rẹ̀ ń jó, tí ó ń ró gbà-gbà-gbà. Ooru omi ni ó ń ti ọmọrí náà sókè. Bí ooru kékeré bá lè gbé ọmọrí ìkòkò, ẹ wo ohun tí ooru ńlá yóò ṣe. Nínú ilé amúnáwá, gáàsì ni wọ́n ń dá lábẹ́ ìkòkò irin ńlá. Omi inú rẹ̀ á hó, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù jáde pẹ̀lú agbára, á sì kọlu kẹ̀kẹ́ onírin kan tí ó ní abẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Orúkọ kẹ̀kẹ́ náà ni tọ́báìnì. Tọ́báìnì á yí, dáínámò á yí, iná á dé.

Oríṣi kejì tún wà tí kò nílò ìkòkò omi. Gáàsì tí ń jó ni ó ń ti kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀. Irú èyí wà ní Ọlọ́runṣògo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì wà ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

2. GÁÀSÌ YÌÍ, KÍ NI?

Ibi tí epo rọ̀bì ti ń jáde lábẹ́ ilẹ̀ ni gáàsì náà ti ń jáde. Ìdí nìyí tí ó fi pọ̀ ní Dẹ́ltà. Kò ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sun púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù sójú ọ̀run níbi tí wọ́n ti ń wa epo, bí ẹni tí ó pa ẹran, tí ó mú awọ, tí ó sọ ẹran nù. Títí di òní, wọn kò tíì dẹ́kun rẹ̀ pátápátá.

Ẹ má ṣe rò pé òun gan-an ni ó wà nínú sílíńdà tí a fi ń dáná nílé. Ẹbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Gáàsì inú sílíńdà rọrùn láti sọ di omi, ìdí nìyí tí a fi lè gbé e lé orí. Gáàsì ti ilé amúnáwá kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Páìpù ni ó fẹ́ràn. Láti ọdún 1989 ni páìpù ńlá kan ti ń gbé e láti Escravos ní Dẹ́ltà wá sí ìhà Èkó.

Gáàsì sàn ju èédú lọ láti dáná. Nígbà kan, èédú tí wọ́n wà ní Enúgù ni wọ́n ń sun ní ilé amúnáwá Ìjọ́rà ní Èkó. Èédú ní eérú, ó sì ní èéfín dúdú. Gáàsì kò ní eérú, èéfín rẹ̀ sì mọ́ ju ti èédú àti ti dísẹ́ẹ̀lì lọ. Síbẹ̀ kì í ṣe pé kò ní àléébù. Ohun tí ó ń jáde nínú rẹ̀ wà lára ohun tí ó ń mú kí ooru ayé pọ̀ sí i.

3. KÍ LÓ DÉ TÍ Ó FI JẸ́ ETÍ OMI?

Ìdí mẹ́ta ni.

Ìdí kìíní: ooru tí ó ti yí tọ́báìnì tán gbọ́dọ̀ tutù, kí ó padà di omi, kí wọ́n tún lè sè é. Omi púpọ̀ ni wọ́n fi ń tù ú. Òkun àti ọ̀sà kì í gbẹ.

Ìdí kejì: ẹ̀rọ ibẹ̀ wúwo kọjá ohun tí afárá kéékèèké lè gbà. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e wá.

Ìdí kẹta: etí omi ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà. Ẹ wo Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ní Èkó. Èbúté tuntun tí wọ́n ṣí ní January 2023 wà níbẹ̀, ilé ìfọpo Dangote náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń ta ọjà á fẹ́ wà nítòsí ẹni tí ó ń rà á.

4. ẸGBIN: ILÉ AMÚNÁWÁ TÍ Ó WÀ LẸ́BÀÁ Ọ̀SÀ

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Orúkọ rẹ̀ ni Ẹgbin. Ó wà lẹ́bàá ọ̀sà Èkó, nítòsí Ìjẹ̀dé, ní agbègbè Ìkòròdú. Àwọn ará Jàpáàn wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Ní ọdún 1985 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ ńlá 6 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè mú mẹ́gáwáàtì 220 jáde.

Ẹ gbé bírò yín: 220 lọ́nà 6 jẹ́ 1,320. Nítorí náà, bí gbogbo ẹ̀rọ Ẹgbin bá ń ṣiṣẹ́, mẹ́gáwáàtì 1,320 ni yóò jáde.

Kí ni mẹ́gáwáàtì? Ẹ wo ara gílóòbù ìgbàlódé kan, ẹ ó rí nọ́ńbà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 10W, wáàtì 10 ni ó ń jẹ. Mẹ́gáwáàtì 1 jẹ́ wáàtì 1,000,000. Mẹ́gáwáàtì kan ṣoṣo lè tan irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ 100,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kẹ́ márùn-ún nìyẹn.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, iná tí ó ń gba orí wáyà gbogbo Nàìjíríà sábà máa ń wà láàrin mẹ́gáwáàtì 4,000 sí 5,000, àwa ọmọ Nàìjíríà sì ju mílíọ̀nù 200 lọ. Ẹ rí i bí Ẹgbin ti ṣe pàtàkì tó, ẹ sì rí i bí ọbẹ̀ náà ti kéré tó lójú àwo. Àwọn tí ó ni Ẹgbin ti kéde pé àwọn ní ètò láti kọ́ ìpín kejì kún un. Ètò dára. Ṣùgbọ́n ètò kì í ṣe ilé. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, a gbọ́ nípa Olokola, ní etí òkun láàrin Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Oǹdó. Wọ́n ní èbúté ń bọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní ilé iṣẹ́ ńlá tí yóò máa sọ gáàsì di omi fún títà sí òkè òkun ń bọ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ dá owó sí ilé gáàsì náà fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì kọ́ ọ.

5. ÀGA ẸLẸ́SẸ̀ MẸ́RIN

Iná dà bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹsẹ̀ kan bá kán, ẹni tí ó jókòó á ṣubú, kódà bí mẹ́ta yòókù bá jẹ́ igi ìrókò.

Ẹsẹ̀ kìíní ni gáàsì. Bí gáàsì kò bá dé, ìkòkò á tutù. Ní ọdún 2016, àwọn ajìjàgbara fọ́ páìpù ní Dẹ́ltà, iná sì wọ́n gan-an jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún náà. Ẹ tún gbọ́ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn aládùúgbò wa. Páìpù kan wà tí ó gbé gáàsì láti Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó gba abẹ́ òkun kọjá síwájú Kùtọnu àti Lomé, títí dé Gánà. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 678. Ní August 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ òkun kan fa páìpù náà ya nítòsí Lomé. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí gáàsì tó tún máa lọ. Ilé amúnáwá Gánà kò wó, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì sá lọ, ṣùgbọ́n àwọn ará Gánà wá ń pín iná lò bí ẹni ń pín omi ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ìdákọ̀ró kan ṣoṣo ni!

Ẹsẹ̀ kejì ni ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń gbó, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe. Bí ẹ bá gbọ́ pé ilé kan "lè mú" 1,320 jáde, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó ń mú 1,320 jáde lónìí. Akọ màlúù lè fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ kò bá dá ńkọ́?

Ẹsẹ̀ kẹta ni wáyà ńlá tí ó ń gbé iná kọjá nínú igbó. Ohun ìyanu kan nìyí: ní Òṣogbo, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, ni ibùdó tí wọ́n ti ń ṣọ́ wáyà gbogbo Nàìjíríà wà. Iṣẹ́ wọn le. Iná ńlá báyìí kò ṣeé kó pamọ́ bí iṣu nínú àká. Bí ó ti ń jáde ni a gbọ́dọ̀ máa lò ó. Gbogbo dáínámò inú wáyà kan náà gbọ́dọ̀ máa lọ ní ìwọ̀n kan náà, kí iná lè máa lù ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin mẹ́wàá tí wọ́n gbé ìtì igi lé èjìká. Bí ẹni méjì bá ṣàdédé yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹrù á wọ àwọn mẹ́jọ lọ́rùn. Bí ẹlòmíràn bá tún yẹ̀, gbogbo wọn á jù ú sílẹ̀ kí ó má baà pa wọ́n. Ohun tí wọ́n ń pè ní "wáyà orílẹ̀-èdè ṣubú" nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024. Kì í ṣe pé wáyà já bọ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó ń gbé ẹrù ni ó jù ú sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ kẹrin ni pípín iná dé ilé. Agbára iná inú wáyà ńlá jẹ́ 330,000 fóòlìtì. Kò sí ẹni tí ó lè gbé e wọlé. Nítorí náà, wọ́n á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà: ó di 132,000, ó di 33,000, ó di 11,000, kí tiransifọ́mà àdúgbò tó wá sọ ọ́ di nǹkan bí 230 tí ilé wa ń lò. Tiransifọ́mà, òpó, mítà, àti owó tí a ń san, gbogbo rẹ̀ wà lára ẹsẹ̀ kẹrin yìí.

6. ÌBÉÈRÈ TÍ ÌYÁ KAN BÈÈRÈ

Nígbà tí a ń ka ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì alẹ́, ìyá kan tí ó ń lọ ata nawọ́ sókè.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Bí wọ́n bá kọ́ èyí tó wà létí omi yẹn tán, ṣé ẹ̀rọ ata mi á bọ́ lọ́wọ́ bẹntiróòlù?"

Mo ní, "Ìyá wa, kí ni n ó bínú sí? Ìbéèrè gidi ni. Nínú ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn, èwo ni ẹ rò pé ó kán ní ọ̀dọ̀ yín?"

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Tiransifọ́mà àdúgbò wa ni. Ilé ti pọ̀ jù ú lọ. Bí iná bá dé gan-an, kò lè wa ẹ̀rọ mi."

"Ó dáa. Bí wọ́n bá kọ́ ilé amúnáwá mẹ́wàá sí etí omi lónìí, ṣé tiransifọ́mà yín á tóbi sí i?"

"Kò lè tóbi, Tíṣà."

Bàbá kan tí ó ń gbin kòkó dá sí i: "A jẹ́ pé ìlérí tiwọn ò kan tiwa?"

"Ó kàn wá, bàbá. Bí gáàsì àti ẹ̀rọ kò bá sí létí omi, tiransifọ́mà tó tóbi bí òkè kò ní rí nǹkan pín. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ dúró."

Ìyá náà ní, "Ó ti yé mi. Ẹni tó bá wá ṣèlérí ẹsẹ̀ kan, màá bi í pé mẹ́ta yòókù ńkọ́?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìyá yìí ti gba ẹ̀kọ́ wa òní mọ́ra tán. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ilé amúnáwá ń bọ̀, kódà bí ó bá jẹ́ ní àkókò ìbò, ẹ fi sùúrù bi í ní ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí:

(a) Gáàsì dà? Ta ni ó fọwọ́ sí i pé òun yóò máa gbé e wá, fún ọdún mélòó?
(b) Ẹ̀rọ mélòó? Ta ni yóò máa tún un ṣe?
(d) Wáyà wo ni yóò gbé iná náà, ṣé wáyà náà sì lè gbà á?
(e) Ta ni yóò pín in dé ilé wa, èló sì ni a ó máa san?

7. ILẸ̀ TÍ ILÉ NÁÀ YÓÒ DÚRÓ LÉ

Ilé amúnáwá kì í dúró lójú ọ̀run. Orí ilẹ̀ ẹnìkan ni. Àwọn apẹja ni ó ń gbé etí omi, àgbẹ̀ ni ó ń gbé ibi tí páìpù ń gbà, àgbẹ̀ náà ni ó ń gbé abẹ́ wáyà ńlá. Àwa ará Kúta jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n wáyà ńlá lè gba oko wa kọjá. Àwọn ọmọ wa sì wà ní Ìkòròdú àti Lẹ́kkí tí wọ́n ń ra ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mọ òfin méjì.

Òfin kìíní ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà láti máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìjọba lè gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ tí yóò ṣe gbogbo ìlú láǹfààní. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbà á, òfin náà ní kí wọ́n san owó ilé tí ó wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì san owó irè oko. Nítorí náà, ka igi kòkó rẹ, ka igi ọ̀pẹ rẹ, kọ iye wọn sínú ìwé, kọ ọjọ́ tí o kà wọ́n. Ẹni tí ó bá ní àkọsílẹ̀ ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Òfin kejì jáde ní ọdún 1992. Ó sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé amúnáwá ńlá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí iṣẹ́ náà yóò ṣe kan omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti àwọn ènìyàn ibẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n á gbé ìwé náà síta kí ará ìlú kà á, kí wọ́n sì sọ èrò wọn. Ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni wọ́n sábà máa ń fi í síta. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ 21 náà kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀wé kà? Omi gbígbóná tí ilé náà ń dà padà sínú ọ̀sà lè lé ẹja kúrò níbi tí apẹja mọ̀ ọ́n sí. Àkókò tí apẹja gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ni ìgbà tí ìwé wà níta, kì í ṣe ìgbà tí ilé ti dúró.

Bí wọ́n bá gbé ìwé wá kí o tẹ ìka sí i, má ṣe yára. O ti kúrò ní ẹni tí ń tẹ ìka. Wá nǹkan márùn-ún nínú ìwé náà: orúkọ ẹni tí ó ń gba ilẹ̀, ìwọ̀n ilẹ̀ tí ó ń gbà, iye owó, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀, ọjọ́ tí wọn yóò san án, àti orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí. Bí ọ̀kan bá kù, sọ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀, n ó kà á lálẹ́." Bí wọ́n bá fún ọ ní ẹ̀dà, gbé e lọ bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tí ó mọ òfin. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fún ọ, ìwọ náà mọ ohun tí ó yẹ kí o ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí páìpù. Níbi tí páìpù gáàsì bá gbà, pátákó ìkìlọ̀ máa ń wà níbẹ̀. Ẹ kà á. Ẹ má ṣe gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ má ṣe sun igbó níbẹ̀. Ẹ má sì ṣe kọ́lé tàbí ṣọ́ọ̀bù sábẹ́ wáyà ńlá.

8. OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍ KÚTA

A kò lè ti Kúta wa páìpù ní Dẹ́ltà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kẹrin wà ní ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ kọ́ bí a ti ń ka mítà. Yúníìtì 1 ni iná tí irin ìlọṣọ tí ó jẹ́ wáàtì 1,000 ń jẹ ní wákàtí 1. Gílóòbù wáàtì 10 yóò jó fún wákàtí 100 kí ó tó jẹ yúníìtì 1. Ẹ rí i pé ìlọṣọ ń jẹun ju gílóòbù lọ fíìfíì.

Ẹ béèrè ìpele tí wáyà àdúgbò yín wà. Nínú ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020, ìpele márùn-ún ni ó wà. Àwọn tí ó wà ní A yẹ kí ó máa rí iná, ó kéré tán, fún wákàtí 20 lójúmọ́. B, wákàtí 16. D tí ó wà lẹ́yìn C, wákàtí 8. C fúnra rẹ̀, wákàtí 12. E, wákàtí 4. Owó wọn kò dọ́gba. Ẹ gbé ìwé kan kọ́ ara ògiri, kí ẹ máa kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tí ó lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ó ní ẹ̀rí tí ẹ lè kọ sínú lẹ́tà. Ariwo á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó ní ọjọ́ àti wákàtí ṣòro láti jù nù.

Bí àdúgbò bá fẹ́ dáwó ra òpó tàbí tiransifọ́mà, kí gbogbo àdéhùn wà nínú ìwé kí owó tó kúrò lọ́wọ́: ta ni yóò ni ín, ta ni yóò tún un ṣe, ṣé owó náà yóò padà? Ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Ní June 2023, òfin iná tuntun jáde tí ó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣe òfin iná tirẹ̀, kí ó sì bójú tó o. Èyí mú ọ̀rọ̀ súnmọ́ ilé. Aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Òṣogbo ni ẹ lè kọ lẹ́tà sí. Ẹ kò nílò òǹkọ̀wé mọ́.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀ kí iná tó dé: ẹ má ṣe gbé e sínú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má sì ṣe gbé e sí abẹ́ fèrèsé. Nínú èéfín rẹ̀ ni májèlé kan wà tí kò ní òórùn. Ó ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ìlérí ilé amúnáwá yóò máa dé. Òmíràn yóò ṣẹ, òmíràn kò ní ṣẹ. Ẹ má ṣe bú ẹni tí ó mú ìròyìn wá, ẹ má sì ṣe jó sí i. Ẹ ka ẹsẹ̀ àga náà kí ẹ tó jókòó.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó YẸ KÍ Á MỌ̀ Ọ́N KỌ

Dáínámò: ẹ̀rọ tí ó ń sọ yíyí di iná.
Tọ́báìnì: kẹ̀kẹ́ onírin alábẹ̀bẹ̀ tí ooru tàbí omi ń yí.
Mẹ́gáwáàtì: wáàtì 1,000,000.
Tiransifọ́mà: ẹ̀rọ tí ó ń sọ agbára iná kalẹ̀ tàbí gbé e sókè.
Yúníìtì: ìwọ̀n tí mítà fi ń ka iná tí a jẹ.

ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ni ó ń yí dáínámò ní Kaínjì? Kí ni ó ń yí i ní Ẹgbin?
2. Sọ ìdí mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọ́ ilé amúnáwá sí etí omi.
3. Bí ẹ̀rọ 2 nínú 6 ti Ẹgbin kò bá ṣiṣẹ́, mẹ́gáwáàtì mélòó ni ó kù?
4. Gílóòbù 5 wà nílé rẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10. Bí o bá tan gbogbo wọn fún wákàtí 20, yúníìtì mélòó ni o jẹ?
5. Nínú ẹsẹ̀ mẹ́rin, èwo ni ìdákọ̀ró fà ya ní ọdún 2012?
6. Kọ lẹ́tà kúkúrú, ìlà mẹ́fà péré, sí àwọn tí ó ń pín iná ní àdúgbò rẹ. Sọ ẹsẹ̀ tí ó kán ní ọ̀dọ̀ yín, kọ ọjọ́ àti wákàtí, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ kọ orúkọ rẹ sísàlẹ̀.

(Ìdáhùn sí ìbéèrè 3 ni 880. Ìdáhùn sí ìbéèrè 4 ni 1.)